Kafé Tí A Sá Lódidi: Láti Atakpamé Títí Dé Badou

Ọ̀nà tí ó ti Lomé lọ sí Atakpamé tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ó gbà kọjá fún ọ̀pọ̀ jù nínú ìrìn náà, láàárín oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ, kí òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún àti lósì. Àárín àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Bí a ti wọ àdúgbò Gnagna, a gbọ́ ìkíni tí ọmọ Ṣábẹ̀ tàbí ọmọ Kétu kò nílò ògbufọ̀ láti dáhùn. Àwọn ará Ifẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ana, tí ìtàn wọn sì sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wọn. Ohùn wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ń fẹ́ ìrònú kí ó tó yé wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni òun wà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè ni ó gbé wa débẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kafé ni. Àwọn tí ń ra kafé olówó iyebíye ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan ń wá irú kan kiri tí wọ́n ń pè ní « café nature »: kafé tí a kò fi omi bó, tí a kò fọ̀, tí a sá sí oòrùn lódidi pẹ̀lú èèpo àti ẹran ara èso rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Tógò kò sì tíì fi ọ̀nà mìíràn gbẹ kafé wọn láti ayé bàbá wọn. A fẹ́ mọ ohun tí orúkọ tuntun yìí lè ṣe fún wọn, àti ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹnu ọ̀nà ni Atakpamé jẹ́. Oko kafé gan-an wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, lórí òkè Akposso, ní agbègbè Amlamé àti Badou, títí dé Danyi àti Kpalimé ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Gánà. Àwọn Jámánì la ojú irin dé Kpalimé ní 1907 nítorí kòkó, wọ́n sì la òmíràn dé Atakpamé ní 1911 nítorí òwú. Lábẹ́ ìjọba Faransé ni kafé wá gbilẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Kpalimé ti dákẹ́ tipẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó àpò kafé sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté Lomé lónìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó gbọ̀nà òkè, a jókòó sí kafétéríà kan, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ láti Lomé títí dé Àjàṣẹ́: bẹ́ǹṣì gígùn kan, ẹyin díndín, búrẹ́dì, ife ńláńlá. A ní kí wọ́n fún wa ní kafé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà ya sáṣẹ́ kékeré kan, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó sì fi mílíìkì dídùn inú agolo sí i. Òkè òkun ni ìyẹ̀fun náà ti wá. A bi í bóyá ó ní kafé Badou. Ó rẹ́rìn-ín. « Ìyẹn? Ti àwọn tí ń ta àpò nìyẹn. » Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá a lẹ́bi. Ní agbègbè wa, kafé jẹ́ ohun tí a ń gbìn tí a kì í sábà mu. A ń gbé e lọ fún ẹlòmíràn kí ó yan án, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó wá fi sáṣẹ́ tà á padà fún wa.

Láti Atakpamé sí Badou kò tó kìlómítà 90, ṣùgbọ́n òkè àti kọ̀rọ̀ ni ẹ ó fi wọn àkókò níbẹ̀, kì í ṣe kìlómítà. Ọ̀nà ń gun òkè, ó ń já sí àfonífojì, ó tún ń gùn. Afẹ́fẹ́ ń tutù bí a ti ń lọ. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, eruku funfun bo ojú ọ̀run, síbẹ̀ ewé tútù ni ó wà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tí ń lọ wo omi Akloa tí ó ń já láti orí àpáta nítòsí Badou ń gba ojú oko kafé kọjá láìmọ̀. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ń retí ilẹ̀ ńlá tí a to igi sí ní ìlà bí ìlà ìwé kò ní rí nǹkan kan. Oko kafé níbẹ̀ jọ igbó. Ìrókò, afàrà àti ayìnrè dúró lókè, wọ́n ń ṣíji bò ó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ àti ọsàn wà láàárín. Lábẹ́ gbogbo wọn ni igi kafé fara pamọ́ sí. Hẹ́kítà kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní, kì í sì í ṣe ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Robusta ni wọ́n ń gbìn, kì í ṣe arabica ti Etiópíà tí ó máa ń gba ìyìn jù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Bẹ̀nẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Niaouli ni orúkọ irú kan tí ó tàn ká Tógò, kóró rẹ̀ kéré ju ti robusta yòókù lọ. Ìlú Niaouli, nítòsí Allada, níbi tí ilé ìwádìí ọ̀gbìn wà, ni orúkọ náà ti wá. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó lọ bá ẹbí rẹ̀ ní Tógò ni igi náà, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú abúlé kan tí kò jìnnà sí Badou ni a ti bá ìyá kan tí a bí ní Djama ní Atakpamé, tí ó fẹ́ ọkọ láàárín àwọn Akposso. Èyí mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn fún wa. Ìyá náà kò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè wa nípa kafé. Ó béèrè ilé wa, ó béèrè òjò Kétu, ó béèrè iye tí iṣu ń lọ ní Ṣábẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Ibẹ̀ ni a ti rí ọ̀nà méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ní apá òsì, kafé wà lórí ilẹ̀ gbígbá, bí wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Èso tútù, èso pupa, èso dúdú àti ewé díẹ̀ ni ó dà pọ̀ níbẹ̀, adìẹ kan sì ń ta á kiri. Ní apá ọ̀tún, pẹpẹ mẹ́rin dúró ní ìwọ̀n ìbàdí ènìyàn. Oparun ni ẹsẹ̀ wọn, àwọ̀n ni ojú wọn. Èso tí ó wà lórí pẹpẹ wọ̀nyí pupa dáadáa, àwọn mìíràn ti ń dà bí àyìnyìn, wọ́n sì ti ń hunjọ. Òórùn tí ó ń ti ibẹ̀ jáde dà bí ti ọsàn tí ó pọ́n jù àti ti ọtí tí kò tíì kan. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn lórí pẹpẹ.

Iyàtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a já èso lórí igi. Èso kafé kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan. Lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tí ó tutù, èyí tí ó ń pọ́n bọ̀, èyí tí ó pupa àti èyí tí ó ti gbẹ. Bí àgbẹ̀ bá di ẹ̀ka mú tí ó sì fà á láti ìdí dé orí, agbọ̀n rẹ̀ yóò kún kíákíá. Bí ó bá fẹ́ já kìkì èyí tí ó pupa, yóò padà sí ìdí igi kan náà ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ni yóò da èso sínú omi. Èyí tí ó bá léfòó, kòkòrò ti lu ú tàbí kóró rẹ̀ kò kún, wọn a sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Nígbà yìí ni ó tó kan pẹpẹ.

Lórí pẹpẹ, afẹ́fẹ́ ń gba òkè, ó ń gba ìsàlẹ̀. A kì í tẹ́ èso nípọn. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀: a ń yí i ṣáá, a ń ṣa èyí tí ó bá bu jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó fa bàáṣì bò ó nítorí ìrì. Bí òjò tí a kò retí bá ṣú, a ó sáré. Ṣúgà tí ó wà nínú ẹran ara èso náà ń ṣiṣẹ́ lára kóró ní gbogbo àkókò yìí, láti inú èyí ni adùn « café nature » ti ń wá. Bí ó bá gbẹ lọ́ra jù, yóò bu tàbí kí ó kan bí ọtí kíkan. Bí ó bá gbẹ yá jù, ẹ̀yìn yóò le koko, inú yóò ṣì ní omi, yóò sì bàjẹ́ nínú àpò. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó ń gbà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ẹ̀rọ tí ń wọn omi inú kóró, wọ́n sì ń dúró kí ó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá náà bu èso díẹ̀ láti orí pẹpẹ tí ó ti pẹ́ jù, ó mì í létí wa. Ó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí ṣẹ́rẹ́. « Ẹ̀rọ tèmi nìyí, » ni ó wí.

Ẹni tí ó bá ti sá gbodo rí kò nílò kí òyìnbó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní Ṣábẹ̀ àti ní Ìdààṣà, gbogbo ìyá ni ó mọ̀ pé iṣu tí a sá sórí àpáta mímọ́ nígbà ọyẹ́ kì í mú èlùbọ́ kan náà wá pẹ̀lú èyí tí a sá sí etí títì. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, eyín sì ń rí yanrìn rẹ̀. Alámàlà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ra méjèèjì ní iye kan náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kafé ni pé ẹni tí ń sá a kì í mu ún, ẹni tí ń mu ún kò sì mọ ẹni tí ó sá a. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó sọ fún àgbẹ̀ pé kafé orí ilẹ̀ ń mu òórùn ilẹ̀.

Ọjà gan-an kò sì fẹ́ kí ó mọ̀. Láti 1964, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní OPAT nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ta kafé Tógò fún òkè òkun. Ó ń ra á ní iye tí ìjọba bá dá, ìwọ̀n ni a sì ń wò ju adùn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣètò iye kafé lágbàáyé wó lulẹ̀, owó kafé sì wó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì. Ní 1996, OPAT kógbá sílé. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò aládàáni ti ń rà á, tí ìgbìmọ̀ kafé àti kòkó tí wọ́n ń pè ní CCFCC sì ń kéde iye tí ó yẹ kí àgbẹ̀ máa retí. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, òṣùwọ̀n ọlọ́wọ̀n nìkan ni kò yí padà: kílò ni kílò.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn kafé ti dé báyìí. Àwọn atọ́wò tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ń yan kafé díẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń bu omi gbígbóná sí i, wọ́n ń fi ṣíbí fà á mu pẹ̀lú ariwo, wọ́n sì ń fún un ní máàkì nínú 100. Èyí tí ó bá gba 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń kà sí kafé àtàtà. Arabica nìkan ni a kọ́kọ́ ń ṣe èyí fún. Ní 2010 ni àwọn atọ́wò péjọ ní Ùgáńdà láti ṣe òfin tirẹ̀ fún robusta, èyí tí gbogbo ayé ti fojú tẹ́ḿbẹ́lú pé kò dára ju kí a lọ̀ ọ́ sínú sáṣẹ́ lọ. A kò kọ̀ láti sọ pé inú wa dùn sí èyí. A mu nínú kafé orí pẹpẹ náà, tí ọmọkùnrin ìyá náà yan nínú ìkòkò ẹ̀pà tí ó sì gún nínú odó. Kò korò bí èédú bí a ti ń retí. Ó ń rùn bí kòkó àti ẹ̀pà yíyan, adùn kan bí ti èso gbígbẹ sì kù sí wa lẹ́nu lẹ́yìn tí ife ti ṣófo.

Ṣùgbọ́n a kò rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ láti wá yin ife kafé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò pẹ̀lú ìyá náà bí òun ti ṣírò rẹ̀ fún wa. Èso tútù bíi kílò 5 ni ó ń di kóró kílò 1. Ẹni tí ó bá ń fa ẹ̀ka tí ó sì ń sá a sórí ilẹ̀ lè tà á fún ẹni tí ń gun alùpùpù kiri abúlé, owó á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ń já èyí tí ó pupa nìkan ń lo ọjọ́ mẹ́ta fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ra àwọ̀n, ó ń ra bàáṣì, ó ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yí èso, ó sì tún ń dúró de ẹgbẹ́ kí ẹgbẹ́ rí ẹni tí yóò rà á. Àwọn obìnrin àti ọmọ ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú yíyí àti ṣíṣà yìí; àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà ń dúró nídìí òṣùwọ̀n. A ránni létí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá náà mi orí. « Òtítọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmọ́ ẹ̀sọ̀ kì í san owó ilé ìwé. Oṣù Kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé, oṣù Kọkànlá ni kafé ń bẹ̀rẹ̀. » Láàárín oṣù méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ta kafé wọn nígbà tí ó ṣì wà lórí igi, fún ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti ta á báyìí, ta ni yóò máa yí i lórí pẹpẹ fún?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn Kabiyè àti àwọn mìíràn ti ń ti àríwá Tógò wá ṣiṣẹ́ lórí òkè yìí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní dibi-ma-dibi, ọ̀rọ̀ tí ó wọlé láti inú èdè Akan: jẹ díẹ̀, kí èmi náà jẹ díẹ̀. Onílẹ̀ mú ilẹ̀ wá, àlejò mú agbára wá, wọ́n sì ń pín oko tàbí èrè rẹ̀. Ètò náà bá ìgbà tí kílò jẹ́ kílò mu. Nísinsìnyí, bí àlejò bá ń padà sí ìdí igi ní ìgbà mẹ́rin tí èrè sì lé díẹ̀, ṣé ìdajì èlé náà ṣì jẹ́ ti ẹni tí kò kúrò ní ilé? A bi ọkùnrin Kabiyè kan tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó wo ìyá náà, ó wo wa, ó ní àwọn kò tíì jókòó sọ ọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kafé àtàtà yóò ti dùn tàbí kí ó korò.

Ohun tí a kò retí ni pé owó gọbọi lè ba iṣẹ́ rere jẹ́ ju owó kékeré lọ. Ní 2024, owó robusta gòkè ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 5,000. Ayọ̀ ni fún ẹni tí ó ní kafé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kafé orí ilẹ̀ bá ti ń mú owó tó bẹ́ẹ̀ wá, kí ni ẹnikẹ́ni yóò máa yí èso lórí pẹpẹ sí? Wọ́n sọ fún wa nínú abúlé náà pé àwọn tí ń rà á ń gba èso tí kò tíì pọ́n pàápàá, àti pé àwọn mìíràn ń já kafé wọn ní tútù nítorí kí olè má bàa ṣáájú wọn dé oko. Ìyá náà ní pẹpẹ mẹ́fà ní ọdún tí ó ṣáájú. Mẹ́rin ni ó kù tí ó ń lò. Kò tọrọ gáfárà nítorí rẹ̀, a kò sì rí ìdí tí yóò fi tọrọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ti wá ọ̀nà mìíràn. Wọn kò dúró de òkè òkun. Àwọn fúnra wọn ń yan kafé, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń dì í sínú àpò kéékèèké, wọ́n sì ń tà á ní Lomé àti ní Kpalimé fún ẹni tí ó wá ṣe ìbẹ̀wò. Kafé yíyan ti ilẹ̀ Tógò kò ṣòro láti rí ní Lomé mọ́. Ọmọkùnrin ìyá náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Atakpamé. Ìkòkò ẹ̀pà kan àti odó kan ni ohun èlò rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ó sì ń wá owó ẹ̀rọ tí ń bó kafé, nítorí pé bí ó bá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ, wọ́n lè pa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí pẹpẹ á sì ṣòfò láàárín wákàtí kan.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a ń múra àtilọ. Ìyá náà ti ń fa bàáṣì bo pẹpẹ kejì. Ó bi wá léèrè iye tí wọ́n ń ta kílò kafé dáadáa kan ní Kútọnu, nínú àwọn ilé ìtajà tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. A sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bi wá bóyá tútù ni àbí yíyan. A ní yíyan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀, láti kílò yíyan padà sí kóró, láti kóró padà sí èso, láti èso padà sí agbọ̀n. Nígbà tí ó dé orí agbọ̀n, ó dáwọ́ dúró, ó sì pe ọmọ rẹ̀ pé kí ó mú òkúta wá láti fi tẹ etí bàáṣì mọ́lẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń bọ̀.